Àna Elétí àti Gíà Tí Kò Wọlé

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2025, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì pupa kan, oníjókòó méjì, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1967, dúró sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, kò sì lọ mọ́. Kámẹ́rà ilé ìtajà oògùn tó wà ní òdìkejì títì gbà á sílẹ̀: aago mẹ́jọ àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbà pẹ̀lú ara wọn lórí ohun kan: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọkọ̀ náà ń lọ geerege. Ohun tó ṣe é láàárín ìrọ̀lẹ́ sí àárọ̀ ni kálukú ní tirẹ̀ lẹ́nu.

Obìnrin tó wà nídìí ọkọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó ti ọ̀pá gíà síwájú. Ariwo tó jáde lábẹ́ ọkọ̀ mú kí ológbò tó sùn sórí ògiri fò sálẹ̀. Ó tún un ṣe. Gíà payínkeke, ó ní òun ò wọlé.

"Ẹ gbà mí o!" Obìnrin náà yọrí jáde. "Ọkọ̀ mi ń lọ eyín rẹ̀ mọ́ra wọn. Tó bá jẹ́ pé aláìsàn mi ni, mo mọ abẹ́rẹ́ tí mi ò bá fún un."

Oníṣègùn eyín ni. Dókítà Eléyín ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ni ọkọ̀ náà. Ọdún púpọ̀ ló fi wà lábẹ́ tapólì kí ó tó gbé e wá síbí pé kí wọ́n jí i dìde.

Ọkùnrin tó sáré jáde sí i, tí àkísà ìnuwọ́ wà ní èjìká rẹ̀, kò ní orúkọ mìíràn ládùúgbò ju Àna lọ. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù. "Àna mi" ni bàbá náà máa ń pè é, àwọn oníbàárà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó ń ta táyà gbà á lẹ́nu àwọn oníbàárà, títí ó fi di àna gbogbo òpópónà láìfẹ́ ọmọ wọn. Mẹkáníìkì ni, ọwọ́ rẹ̀ dá, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ọdún méjì péré ni bàbá ìyàwó rẹ̀ tọrọ nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó. "Bá mi dúró fọ́dún méjì, kí n lè mọ ẹni tí mo fọmọ fún." Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún kejì yẹn ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí, ilé ìwé tó ní ibùgbé ló wà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gbé yàrá méjì tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òórùn gírísì ti ń wọ inú ìrọ̀rí. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀yìn tábìlì iṣẹ́ bàbá ló sì já sí. Kò sí ilẹ̀kùn mìíràn. Bí Àna bá fẹ́ ra búrẹ́dì, bàbá á gbójú sókè: "Àna mi, ibo nìyẹn?" Òun á dáhùn pé, "Mò ń bọ̀, Bàbá." Gbogbo èèyàn ló ń sọ "mò ń bọ̀" nígbà tó bá ń lọ. Lẹ́nu tirẹ̀, òótọ́ pọ́nbélé ni.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọ̀nà là. Gáréèjì àwọn bọ́ọ̀sì èrò ní ìlú mìíràn ń wá mẹkáníìkì àgbà. Àbúrò Dókítà Eléyín ni olórí ibẹ̀, Dókítà sì ti fọwọ́ sọ̀yà fún Àna lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù tán. Bàbá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó sọ ni pé: "Bí ọkọ̀ Dókítà bá ti jáde ní géètì yìí, kí ẹ máa lọ."

Ọkọ̀ ọ̀hún nìyí, táyà iwájú ti bọ́ sójú títì, tẹ̀yìn ṣì wà nínú ọgbà.

Bàbá jáde. Elétí ni ìnagijẹ rẹ̀. Wọ́n ní ó lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì kó sọ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kan ti kú. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti lọ yẹ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀, ìyẹn sì ti tó láti mú kí ọgbà kún. Ó dúró síwájú ọkọ̀, ó ń wo apá Dókítà bó ṣe ń bá ọ̀pá gíà jìjàkadì.

"Gíábọ́ọ̀sì ni," ó sọ ọ́ sókè. "Ẹ tú u kalẹ̀."

Àna ka ọjọ́ lórí ìka. Nínú irú ọkọ̀ yìí, gíábọ́ọ̀sì kì í dá jáde. Àfi kí ẹ́ńjìnì bá a jáde. Bí wọ́n bá tú u lónìí, ọjọ́ Ajé á kọjá, ọjọ́ Ajé mìíràn á tún kọjá lé e lórí.

Àna tẹríba sẹ́bàá fèrèsé ọkọ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì."

Ó pa á.

"Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi sí gíà kìíní."

"Ó wọlé."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ó wọlé."

"Ti ẹ̀yìn?"

"Ó wọlé bí ẹni tó mọ ibi tí ìyá ẹ̀ ń gbé kọ́kọ́rọ́ sí."

"Ẹ wá ta á padà."

Ẹ́ńjìnì hó. Ọ̀pá gíà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ariwo irin tún jáde.

"Bó bá kú, ó ń gbọ́ràn," Dókítà ní, ó pa á. "Bó bá jí, ó ń jà. Mo ní irú wọn méjì tó ń dúró dè mí lórí àga."

Ọ̀rọ̀ náà kò le fún ẹni tó bá fẹ́ yé e. Kílọ́ọ̀ṣì ni onílàjà inú ọkọ̀. Tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, á ya ẹ́ńjìnì àti gíà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí eyín gíà lè wọnú ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí gíà bá ń wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, tí kò wọlé nígbà tó ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ara gíà le. Onílàjà ló ń ṣe ìmẹ́lẹ́.

Àna mọ èyí. Ó dá a lójú pé bàbá náà mọ̀ ọ́n, torí bàbá ló kọ́ ọ pé kó máa pa ẹ́ńjìnì kó tó bú gíà. Kí ló wá dé?

"Bàbá," ó rọra sọ ọ́, "bóyá ká kọ́kọ́ wo kílọ́ọ̀ṣì."

"Mo ní gíábọ́ọ̀sì ni."

Ta ló máa bá bàbá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lójú oníbàárà? Àna wo bàtà ara rẹ̀. Dókítà ló gbà á sílẹ̀.

"Bàbá, èmi kì í yọ eyín tí mi ò tíì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yọjú sábẹ́ ọkọ̀ ná."

Bàbá wo ẹnu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó mi orí, ó wọlé lọ sídìí tábìlì rẹ̀. Dókítà kọjá sí òdìkejì títì lọ ra tíì. Àna ti ọkọ̀ náà padà sínú ọgbà. Ibi tó ti fi oṣù mélòó kan ń wọ́ ọ bọ̀, ibẹ̀ ló tún wọ́ ọ padà sí.

Ó fi jáàkì gbé e, ó tì í lẹ́sẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Òróró kílọ́ọ̀ṣì kún. Kò sí ibi tó ń jò. Rọ́bà rẹ̀ kò wú, kò sì sán. Ó wá fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀pá kékeré kan tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì ló ń pinnu bí ọ̀pá yìí ṣe máa gùn tó. Bó bá gùn jù, bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì á máa fara kan ohun tí kò yẹ kó kàn nígbà gbogbo, á máa sú fèé bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ yọ. Bó bá kúrú jù, èèyàn lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì títí ẹsẹ̀ á fi kan ilẹ̀, kò ní tì í dé ibi tó yẹ.

Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó pé nígbà náà. Báyìí, ọ̀pá náà ti kúrú. Wọ́n ti yí nọ́ọ̀tì sẹ́yìn gan-an, ojú ibi tí sípánà ti jẹ ẹ́ sì ń dán.

Ó wo pín ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di ọ̀pá náà mú. Bí Àna bá fi pín sí nǹkan, á ká ẹsẹ̀ kan, á gé ìkejì. Èyí tó wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ká, wọ́n yí i po rékété bí ìrù ajá. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ká pín báyẹn ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà, torí pé èèyàn méjì ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe òun.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, irin ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Ó rántí ọkọ̀ oníbúrẹ́dì tí bíréèkì rẹ̀ dédé bàjẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ wo yàrá kan nílùú kejì. Ó rántí taasí kan tí wọ́n gbé padà wá lọ́sẹ̀ tó gbààyè. Kò rántí àwọn ọjọ́ tí ohunkóhun kò bàjẹ́. Ẹni tó bá ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wá ẹ̀rí, ẹ̀rí ló máa rí.

Sálúbàtà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ife omi sí i.

"Ṣé ó ti ń tán?"

"Bàbá ló tú u."

"Bàbá wo?"

"Bàbá mélòó ló wà nílé yìí?"

"Ẹ má fi bàbá mi ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí wọn ò rí."

"Wọ inú ibí kí o wá wo pín."

"Èmi mọ pín? Pín irun ni mo mọ̀. Tó bá dá yín lójú, ẹ lọ bá wọn, kí ẹ sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yín sókè, tí mò ń gbé ọ̀rọ̀ wọn sísàlẹ̀. Ọrùn ń dùn mí."

Ó gba ife rẹ̀, ó gòkè lọ.

Àna jáde lábẹ́ ọkọ̀. Bàbá wà nídìí tábìlì, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń fi fáìlì rin irin kan. Àna dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọlúàbí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí."

Fáìlì ń lọ, ó ń bọ̀.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí."

Àna gbà pé bàbá ń fojú pa òun rẹ́ ni. Ohun tí kò sọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá bá gorí ahọ́n rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ketekete: "Ẹ fi mí ṣe ẹrú nítorí pé mo fẹ́ ọmọ yín. Ìwà yín ò dáa."

Fáìlì ń lọ, ó ń bọ̀. Bàbá fẹ́ eruku irin kúrò, ó tún ń bá a lọ.

Ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kí èjìká rẹ̀ má mì. Àna mú sípánà tó tóbi jù lórí pẹpẹ, ó jù ú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ó dún gbàràmù! Dókítà tó wà ní òdìkejì títì da tíì sára. Ológbò tún fò. Bàbá kò yíjú.

Ìgbà tí òjìji Àna bọ́ sórí tábìlì ni bàbá tó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. "Àna mi! Ṣé o ti tú gíábọ́ọ̀sì?"

Àna wò ó. Nígbà náà ni ó ṣe fún bàbá ìyàwó rẹ̀ ohun tó ṣe fún ọkọ̀ láàárọ̀: ó pa ẹ́ńjìnì. Ó la ẹnu, ó fi ètè lásán sọ̀rọ̀, kò fi ohùn sí i rárá: *Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?*

"Mo ti jẹun," bàbá dáhùn. "O ṣé, ọmọ mi."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ páànù òrùlé. Àna jókòó sórí táyà kan, kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

Bàbá wo géètì, ó rí i pé Dókítà jìnnà. Ó gbé fáìlì sílẹ̀. "Ohùn obìnrin ló kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé ọmọ mi ló ń bá mi bínú ni. Lẹ́yìn náà, aago. Ẹ́ńjìnì, mo ṣì ń fọwọ́ gbọ́ ọ." Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, bí ẹni pé bọ́nẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ yí nọ́ọ̀tì ọkọ̀ Dókítà?"

"Láàárọ̀ kùtù ni. Mo ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ. Bẹ́árìn ń sú fèé, Àna mi. Fèé tó mú bí abẹ́. Mo yí nọ́ọ̀tì díẹ̀, kó lè dákẹ́. Kò dákẹ́. Mo tún yí i."

"Bàbá, ẹ́ńjìnì ti kú láti àárọ̀. Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ fèé náà?"

Bàbá wo ọkọ̀ pupa tó dúró lórí irin láìmí.

"Ó ń sú báyìí."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ohun tí bàbá ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ṣe: yí nọ́ọ̀tì títí fèé á fi dákẹ́, kí o dúró níbẹ̀. Inú etí rẹ̀ ni fèé wà. Kò sí sípánà tó máa dé ibẹ̀. Nígbà tí gíà wá kọ̀, kò gbọ́ bó ṣe ń ké, kò gbọ́ ohun tí Dókítà dáhùn nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnì. Ó rí ọ̀pá gíà tó ń gbọ̀n, ó sì fi ojú méfò.

Àna ti to ìbínú rẹ̀ jọ bí ẹni to irinṣẹ́, kò wá rí ibi tó máa lò ó. Ìkà ṣeé fi sílẹ̀. Èèyàn lè di ẹrù rẹ̀ kó kọjá níwájú ìkà, kó má bojú wẹ̀yìn. Ta ni yóò kọjá níwájú èyí? Bí òun bá lọ, ọkọ̀ oníbúrẹ́dì á tún dé, bàbá á tún yí nǹkan títí kó lè dákẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì lèyí. Bó bá di bíréèkì ńkọ́?

"Má sọ fún Dókítà," bàbá ní. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé Elétí ò gbọ́ mọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ wá ṣe níbí? Ìwọ àti ọmọ mi, ẹ máa lọ. Mo ti sọ ọ́, mi ò ní yí i padà."

Ì bá sàn kó ní kí wọ́n dúró.

Àna padà sábẹ́ ọkọ̀. Ó yí nọ́ọ̀tì síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó fi pín tuntun sí i, ó gé ẹsẹ̀ kan. Iṣẹ́ náà kò gbà ju àkókò tí èèyàn fi ń mu tíì. Nígbà tó ta ẹ́ńjìnì, gíà wọlé wẹ́rẹ́.

Dókítà dé, àbàwọ́n tíì lára aṣọ rẹ̀. Ó fi sí kìíní, ó fi sí ìkejì, ó fi ti ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ láti máa béèrè.

"Kí ló ṣe é? Nǹkan tó dédé bẹ̀rẹ̀ á tún dédé padà wá. Kí lẹ pààrọ̀?"

Bàbá ti jáde. Ó dúró lẹ́yìn èjìká Dókítà, ó ń wo ẹnu Àna.

"Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan," Àna ní. "Èmi ni, Dókítà. Nọ́ọ̀tì kan wà tí mi ò dè dáadáa lánàá."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

Dókítà wò ó bí ẹni tí wọ́n fi fọ́tò eyín ẹlòmíràn hàn. "Ẹ̀yin tí mo sọ fún àbúrò mi pé..." Kò parí rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó jáde ní géètì, táyà iwájú, táyà ẹ̀yìn, gíà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láìjà títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà.

Ìyàwó Àna ti wà lórí àtẹ̀gùn, báàgì lọ́wọ́. "Kí ló dé tí ẹ fi gba ohun tí ẹ kò ṣe?"

Ó kẹ̀yìn sí bàbá kó tó dáhùn. "Bàbá ò gbọ́ràn mọ́."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni bàbá mi ò ti gbọ́ràn."

"Etí wọn ni mò ń sọ. Kò gbọ́ mọ́."

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó gbójú sókè, tó rí bàbá rẹ̀ tó ń wo ẹnu tirẹ̀, tó tún ń na ọrùn wá ẹnu Àna, bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Báàgì bọ́ sórí àtẹ̀gùn.

Fóònù Àna dún lórí tábìlì iṣẹ́. Gírísì bo ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà ó fi eegun ìka tẹ̀ ẹ́, ohùn sì jáde síta fún gbogbo ilé: àbúrò Dókítà ni, olórí gáréèjì àwọn bọ́ọ̀sì. Bàbá rí iná fóònù. Ó sún mọ́ ọn, ó gbójú lé ètè àna rẹ̀, ó ń retí pé kó là.

"Ẹ káàsán o. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lọ́nà ni, wọ́n pè mí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fi nọ́ọ̀tì kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láìdè. Mo ní rárá, mo ní ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án. Èèyàn ló ń wà nínú bọ́ọ̀sì tiwa níbí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ara yín: ṣé ẹ̀yin ni?"